Oòrùn Lẹ́fẹ́lì Kẹtàdínlógún

Kí ẹ má baà rò pé mo kórìíra rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí tó dára nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Olúgbóyèga Adédìran, Alága ẹgbẹ́ onílé Kílóòsì wa, àdúgbò kékeré kan ní Fẹ́sítáàkì, kì í ṣe olè, kì í mutí, kì í sì í bá ìyàwó rẹ̀ jà. Ohun kan ṣoṣo ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó fẹ́ràn kí wọ́n máa pe òun ní Dáírẹ́kítọ̀. Bí ẹ bá kí i pé, "Bàbá Ìrètí, ẹ káàárọ̀ o," á wo òkè, á wo ilẹ̀, bí ẹni pé ẹyẹ kan ló ké. Àmọ́ bí ẹ bá ní, "Dáírẹ́kítọ̀!" ẹ̀rín á gba gbogbo ojú rẹ̀, á sì bi yín léèrè àlàáfíà ilé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má bèèrè ajá yín.

Ẹ sún mọ́ mi, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n ní gbogbo Kílóòsì nígbà náà. Ọkùnrin yìí kò ṣe Dáírẹ́kítọ̀ rí. Sitọ́kípà ni ní ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ kan ní Ìkòyí. Òun ló ń pín ìwé, gègé, gọ́ọ̀mù àti píìnì fún àwọn ọ̀gá. Lẹ́fẹ́lì Kẹjọ ló wà tó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tó kó dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú kóòtù dúdú àti àpò aláwọ kan, wọ́n bi í pé lẹ́fẹ́lì mélòó ló wà kó tó jáde, ó ní Kẹsàn-án. Irọ́ kékeré ni, kò pa ẹnikẹ́ni. Nígbà tí oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e dé, ó ti di Kẹwàá. Lọ́dún kejì, ó bọ́ sí Kejìlá. Ó fo Kọkànlá, nítorí gbogbo ẹni tó bá ti jẹun ìjọba àpapọ̀ rí ló mọ̀ pé kò sí Lẹ́fẹ́lì Kọkànlá níbẹ̀. Irọ́ bàbá yìí mọ òfin iṣẹ́ ọba dunjú. Báyìí ló ṣe ń gba ìgbéga lọ́dọọdún lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, òun nìkan nínú gbogbo òṣìṣẹ́ tí mo mọ̀, títí ó fi dé Kẹtàdínlógún, tí í ṣe ipò Dáírẹ́kítọ̀. Ibẹ̀ ló dúró sí. Ipò Akọ̀wé Àgbà ìjọba ló kù lókè, ó sì bẹ̀rù Ọlọ́run dé ìwọ̀n yẹn.

Ọlábùnmí ìyàwó rẹ̀ kì í jiyàn. Bí ìgbéga ọdún kan bá ti dé, á gbé oúnjẹ àárọ̀ síwájú ọkọ rẹ̀, á ní, "Bàbá Ìrètí, ẹ kú oríire o. Ṣé owó ìfẹ̀yìntì náà ti gbọ́?"

Ní oṣù kẹta ọdún yìí, Alága ra sólà: páńẹ́lì mẹ́fà, bátìrì méjì, ínfátà kan. Ẹlòmíràn tó bá ra irú ẹ̀, á tan fáànù, á na ẹsẹ̀, á sùn. Alága ní rárá. Ó ní iná ìjọba ti bá òun gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, a kì í sì í lé òṣìṣẹ́ àgbà lọ láì dágbére fún un. Ó ní kí ẹgbẹ́ onílé ṣe ètò ìfẹ̀yìntì fún iná ìjọba.

Ẹ má rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣe é. Wọ́n háyà àga àti ìbòòji láti Mile 2. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì gíga. Mùkáílà tó ń bá wa ṣe sólà gun òpó, ó gé wáyà tó wọ ilé Alága, wọ́n sì gbé wáyà náà sínú àwo ìgbàlejò láàárín tábìlì, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí à ń ṣe ayẹyẹ fún. Samson, akọ̀wé ẹgbẹ́, ka ìtàn ìgbésí ayé wáyà. Lẹ́yìn náà ni Alága dìde, ó tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe.

"Ẹ̀yin onílé ẹlẹgbẹ́ mi," ló wí, "ẹ̀yin ayálégbé tí Ọlọ́run yóò sọ di onílé. Iná yìí sìn wá bí agbára rẹ̀ ṣe mọ. Ó ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ó ń tètè lọ sílé. Èmi gẹ́gẹ́ bíi Dáírẹ́kítọ̀, mo ti darí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, mo sì mọ̀ pé ìfẹ̀yìntì ló tọ́ sí wọn. Láti òní lọ, oòrùn nìkan ni yóò máa jábọ̀ fún mi!"

"Kí oòrùn jábọ̀!" Samson kígbe, gbogbo èèyàn sì pàtẹ́wọ́, nítorí ohun mímu ti ń bọ̀.

Alága tún fọwọ́ sí ìwé kan lójú gbogbo ayé pé òun àti ìran òun kò ní í tọrọ iná ìjọba mọ́ láé. Ìyàwó rẹ̀ yọ́ bi í bóyá ó fi àyè sílẹ̀ fún ìgbà òjò. Alága ní òjò náà á kọ́kọ́ kọ̀wé béèrè àyè.

Nígbà tí Mùkáílà fẹ́ to páńẹ́lì, ó ní ẹ̀yìn òrùlé ló dára jù. Alága ní iwájú ni, kó kọjú sí ọ̀nà.

"Bàbá, igi máńgòrò yìí á máa ṣíji bò ó láti ọ̀sán o. Oòrùn ò ní í rí i dáadáa."

"Ìwọ ọmọ yìí," Alága ní, "ṣé oòrùn ni mo fẹ́ kó rí i ni, àbí àwọn àlejò?"

Mùkáílà to ó síwájú. Ọ̀gá ta, ọ̀gá ò ta, owó aláàárù á pé.

Ẹ jẹ́ kí a fi Alága sílẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ òjìji máńgòrò rẹ̀, kí a lọ sí ìparí Kílóòsì, sí ilé Àlàájà Kúlísúmù. Opó ni, ọmọ onílẹ̀ Àmúwo láti ìran dé ìran, kò sì fi ọjọ́ kan ṣiṣẹ́ ìjọba rí. Nínú ilé kékeré tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, ó ní ẹ̀rọ kan tó ń sàba lé ẹyin dípò adìẹ. Ẹgbẹ̀ta ẹyin ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni ẹyin máa ń lò nínú rẹ̀ kó tó pa, ooru rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ já. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ooru já lọ́wọ́ Àlàájà nígbà tó ń lo iná ìjọba àti jẹnẹrétọ̀. Ó ṣí ẹ̀rọ lọ́jọ́ tó yẹ kó máa gbọ́ igbe òròmọdìẹ, kò gbọ́ nǹkankan. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún. Lẹ́yìn ẹlẹ́ẹ̀kejì ló ta góòlù tí olóògbé ọkọ rẹ̀ rà fún un, ó fi ra páńẹ́lì mẹ́jọ àti bátìrì tó lágbára. Gbogbo ohun tó ní nìyẹn. Bí ẹyin bá tún kú lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sí góòlù mìíràn láti tà.

Àwọn páńẹ́lì mẹ́jọ yìí kò dá Alága lóró o. Kò tilẹ̀ mọ iye wọn. Ọjọ́ kan ni àwọn òṣìṣẹ́ láti káńsù dé, wọ́n ń wá ilé tó kúrò lórí iná ìjọba pátápátá, kí wọ́n lè ya fọ́tò rẹ̀. Alága ti gbọ́. Ó ti wọ agbádá, ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láti aago mẹ́jọ. Bọ́ọ̀sì funfun wọlé. Àwọn òṣìṣẹ́ bi Àmúsà tó ń ṣọ́ géètì pé, "Ilé onísólà dà?" Àmúsà, tí kò mọ̀ pé ìbéèrè náà ní ìdáhùn tó jẹ́ òtítọ́ àti èyí tí Alága ń fẹ́, nawọ́ sí ilé Àlàájà. Bọ́ọ̀sì dé ọ̀dọ̀ Alága, ó dúró. Inú Alága dùn. Awakọ̀ yọ orí jáde.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀, kí mọ́tò kọjá."

Ó sún. Kí ló fẹ́ ṣe? Ó dúró níbẹ̀ nínú agbádá títí bọ́ọ̀sì fi lọ, tó sì tún fi padà. Nígbà tó wọlé, ó gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó yọjú, ó ka páńẹ́lì orí ilé Àlàájà. Mẹ́jọ. Ó tún un kà. Mẹ́jọ ni. Lọ́jọ́ náà, Alága kò jẹ ẹ̀bà.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n pe ìpàdé. Alága ní ìwà àrífín ti wọ ọ̀rọ̀ oòrùn ní Kílóòsì. Ó ní àwọn kan ń gba oòrùn ju ipò wọn lọ. Ó wá pàṣẹ kí Samson ka òfin tuntun.

Samson dìde, ó kà á. Lẹ́fẹ́lì Kẹtàdínlógún, páńẹ́lì mẹ́fà. Kẹẹ̀ẹ́dógún àti Kẹrìndínlógún, márùn-ún. Kẹtàlá àti Kẹrìnlá, mẹ́rin. Kejìlá, mẹ́ta. Kọkànlá kò sí, ṣùgbọ́n a fi àyè sílẹ̀ fún un nítorí ọjọ́ iwájú. Kẹsàn-án àti Kẹwàá, méjì. Kẹjọ sí ìsàlẹ̀, ẹyọ kan. Ẹni tí kò ṣiṣẹ́ ìjọba rí, páńẹ́lì pẹlẹbẹ irú èyí tí wọ́n fi ń ṣáájì tọ́ọ̀ṣì. Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá, kí oníkálukú mú ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀ wá fún ìyẹ̀wò. Páńẹ́lì tó bá lé, Mùkáílà á gun òrùlé lójú ẹsẹ̀, á tú u.

Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin, bàbá jẹ́jẹ́ kan tó fẹ̀yìn tì ní Kẹẹ̀ẹ́dógún tòótọ́ tòótọ́, tó sì ní páńẹ́lì mẹ́fà, fa kálẹ́ńdà àpò rẹ̀ yọ, ó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀.

Àlàájà Kúlísúmù ló dìde. "Alága, mo gbọ́. Ẹyin mi ti lo ọjọ́ mẹ́rìnlá nínú ẹ̀rọ. Sátidé tó ń bọ̀ gan-an ló yẹ kí wọ́n pa. Bí ẹ bá tú páńẹ́lì mi lọ́jọ́ náà, inú èèpo ni gbogbo wọn á kú sí. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n pa ná."

"Àlàájà," Alága ní, ó rẹ́rìn-ín sí àwọn èèyàn, "ẹyin wọ̀nyí, ṣé wọ́n ṣiṣẹ́ ìjọba rí?"

"Rárá o."

"Ṣé wọ́n ní ìwé ìfẹ̀yìntì?"

"Wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni, Alága."

Ìpàdé bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì lọ síbi tí Alága rán an. Ojú rẹ̀ le.

"Ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láì fara kanra," Àlàájà ní. "Kí ìjọba tó mọ ọ̀nà Àmúwo ni oòrùn ti ń ràn sórí ilẹ̀ bàbá mi. Kò bi ẹnikẹ́ni nínú wa ní lẹ́fẹ́lì."

"Ó máa bèèrè báyìí!" Alága gbá tábìlì. "Òfin ni òfin. Láti orí ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, kò ní í yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, títí kan èmi alára!"

Ẹ gbọ́ ọ o. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Samson kọ ọ́ sílẹ̀, ó fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀ nítorí pé ó dùn ún gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, orí Kílóòsì dàrú. Àwọn àgbà ń kó àpótí jáde láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń wá ìwé tí wọn ò rí láti ọdún gbọ́nhan. Ikán ti jẹ ti ẹnì kan, ó kó ikán náà àti èyí tó ṣẹ́ kù wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ìyá Mọ̀nsúrát wá sọ́dọ̀ Alága pé òun wà ní Kẹjọ, olóògbé ọkọ òun wà ní Kẹsàn-án, bí a bá rò ó pọ̀, Kẹtàdínlógún ni, kí wọ́n fún òun ní mẹ́fà. Alága ronú lé e lórí fún odidi ọjọ́ méjì, ó wá dájọ́ pé lẹ́fẹ́lì òkú kì í dàpọ̀ mọ́ ti alààyè. Àwọn tó mọ ibi tí àkàrà ti ń dùn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kí i láràárọ̀. Wọ́n á dúró sábẹ́ páńẹ́lì rẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ̀yin nìkan ni oòrùn mọ̀, Dáírẹ́kítọ̀," á sì dá wọn lóhùn pé òun náà ti kíyè sí i.

Ọlábùnmí wò ó títí, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. "Bàbá Ìrètí, ìwé tiyín ńkọ́?"

"Ta ni yóò bi Alága ní ìwé?"

"Èmi kọ́ o. Àmọ́ àfòpiná tó ní òun ó pa fìtílà, ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ já sí."

Ohun mìíràn ló wà lọ́kàn Alága. Ó fẹ́ kí ìyẹ̀wò náà rí bíi ti ìjọba àpapọ̀ gan-an, ó sì pe Samson pé kó wá àgbà òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì kan láti ìta, ẹni tó mọ fáìlì, tó lè jókòó sí tábìlì gíga kó máa wo ìwé. Ní ọjọ́ Tọ́sìdeè, Samson padà dé láti Raji Rasaki Estate pẹ̀lú ìdùnnú.

"Ọ̀gá mi, sà, mo ti rí bàbá kan. Ọ́fíìsì Ìkòyí ni wọ́n ti fẹ̀yìn tì, àwọn ló ń tọ́jú gbogbo fáìlì níbẹ̀. Orúkọ wọn..."

"Ṣé ó ní kóòtù?"

"Mẹ́ta, sà. Orúkọ wọn ni..."

"Samson! Dáírẹ́kítọ̀ kì í bèèrè orúkọ. Ọjọ́ Sátidé ni wọn yóò fi orúkọ hàn mí. Máa lọ."

Samson lọ. Bí Alága bá lè fi ìṣẹ́jú kan mú ìgbéraga sí àpò ni, ìtàn mi ì bá ti parí síbí, kí oníkálukú sì lọ sílé rẹ̀.

Àárọ̀ Sátidé dé. Àlàájà Kúlísúmù ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ rẹ̀ díẹ̀, ó gbọ́ ohùn kan tín-ín-rín. Ẹyin mẹ́ta ti lu. Àwọn òròmọdìẹ ti ń fi ẹnu kan èèpo láti inú wá. Ayọ̀ àti ẹ̀rù jọ gbá a láyà mú. Ó mọ̀ pé bátìrì lè gbé ooru náà di ìrọ̀lẹ́, kò lè gbé e di ọ̀la, ó sì di ọ̀la kí gbogbo wọn tó lè jáde tán. Ó pa ilẹ̀kùn dé, ó fa ìborùn rẹ̀ borí, ó lọ síbi ìyẹ̀wò lọ́wọ́ òfìfo. Mùkáílà ti gbé àkàsọ̀ rẹ̀ ti ògiri. Kò lè wo ojú rẹ̀.

"Àlàájà, ẹ má bínú sí mi. Ìṣẹ́ ló ránni níṣẹ́."

"Mi ò bínú sí ẹ, ọmọ mi. Ṣáà rọra tú u, kó má fọ́."

Wọ́n kọrin orílẹ̀-èdè. Wọ́n kí tábìlì gíga fún bíi ìdajì wákàtí. Alága jókòó láàárín nínú kóòtù dúdú, ó fẹ́ra bíi tòlótòló. Wọ́n wá mú àlejò pàtàkì wọlé, bàbá arúgbó kan tó ń fi ọ̀pá rìn, ọmọ rẹ̀ obìnrin di apá rẹ̀ kan mú. Alága dìde pẹ̀lú ìwé ìkínikáàbọ̀ rẹ̀.

"Ẹni iyì, ẹni ẹ̀yẹ, èmi Dáírẹ́kítọ̀ Olúgbóyèga Adédìran, lórúkọ gbogbo..."

Bàbá náà gbé gíláàsì rẹ̀ sókè. "Gbóyèga? Gbóyèga Sitọ́ọ̀?"

"Sà!" Alága dáhùn.

Ẹ má dá a lẹ́bi. Kì í ṣe òun ló dáhùn, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló dáhùn láti inú rẹ̀. Kó tó mọ̀, ó ti na ọwọ́ méjèèjì mọ́ ẹ̀gbẹ́, gìgísẹ̀ rẹ̀ ti pàdé, ìwé ìkínikáàbọ̀ ti já bọ́ sílẹ̀. Bàbá Charles ni, ẹni tó jẹ́ olórí àwọn tó ń tọ́jú fáìlì ní ọ́fíìsì wọn.

"Ìwọ rèé!" Bàbá Charles ní, omi ayọ̀ lé sí i lójú. Etí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́rọ̀ mọ́, ìdí nìyẹn tí ohùn rẹ̀ fi dé géètì. "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ ò mọ ẹni tí ẹ ní! Sitọ́kípà tí a ò rí irú ẹ̀ rí nìyí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, píìnì kan ò sọnù. Ẹ gbọ́ mi, píìnì kan! Ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì ní Lẹ́fẹ́lì Kẹjọ, èmi ni mo fi ọwọ́ mi yìí pa fáìlì rẹ̀ dé."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Alága ò tilẹ̀ tó ogún.

Samson ló kọ́kọ́ rí ohùn rẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé Kẹjọ ni ẹ wí, àbí Kẹtàdínlógún?"

"Kẹjọ, ọmọ mi. Sítẹ́ẹ̀pù kẹwàá."

"Ẹ̀yin ará," Alága ní, òógùn ń ṣàn sínú kọ́là rẹ̀, "ìgbéga náà... lẹ́yìn náà ló dé."

"Lẹ́yìn náà lóòótọ́," Ọlábùnmí wí jẹ́jẹ́ láti orí àga rẹ̀. "Nínú ilé."

Mi ò lè júwe ẹ̀rín tó tẹ̀ lé e fún yín. Àmúsà kúrò nídìí géètì, ó wá rẹ́rìn-ín tirẹ̀, ó padà. Ìyá Mọ̀nsúrát bọ́ gèlè. Àwọn tó ń sọ fún un pé òun nìkan ni oòrùn mọ̀ ló rẹ́rìn-ín jù. Alága wá ibi tó lè fi ojú sí, kò rí.

Ìgbà náà ni Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin dìde, ó tún kálẹ́ńdà rẹ̀ yọ. "Akọ̀wé, ẹ ka òfin fún wa. Lẹ́fẹ́lì Kẹjọ."

Samson wo Alága, ó wo àwọn èèyàn, ó yan èyí tó pọ̀ jù. "Ẹyọ kan."

"Ẹ ka ibi tí wọ́n fàlà pupa sí."

"'Láti orí ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, kò ní í yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, títí kan èmi alára.'"

"Èmi ò fẹ́ òfin yìí," Gbádégẹṣin ní. "Mo dá a lábàá pé kí a pa á lónìí. Àmọ́ òfin tí wọ́n fi gbogbo ọ̀sẹ̀ bọ́ báyìí, kò dára kó kú pẹ̀lú ebi. Ẹ jẹ́ kó jẹun lẹ́ẹ̀kan."

Gbogbo ọwọ́ lọ sókè. Mùkáílà gbé àkàsọ̀ rẹ̀ lé èjìká. "Ilé ta ni mo ń lọ báyìí o?" ló bèèrè, bí ẹni tí kò mọ̀.

Àlàájà Kúlísúmù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Ẹyin mi ńkọ́?" ó bi Gbádégẹṣin.

"Ẹ máa lọ bá ẹyin yín, Àlàájà. Òfin ti yó."

Àlàájà fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó sáré, obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta.

Mùkáílà tú páńẹ́lì márùn-ún sílẹ̀ lára iwájú ilé Adédìran, ó tò wọ́n ti ògiri, ó fi ẹyọ kan sílẹ̀, èyí tí máńgòrò máa ń bò jù. Wọ́n yọ ọ́ nípò Alága kí ọ̀sán tó pé. Àga oníke tó jókòó lé ni wọn ò gbà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí wọ́n fẹ́ dá a padà sí Mile 2 lápapọ̀. Nígbà tí ó sì ní níwọ̀n ìgbà tí òfin ti kú, kí Mùkáílà dá páńẹ́lì òun padà, Mùkáílà ní, "Bàbá, títú ni mẹ́mò tí ẹ kọ fún mi sọ. Bí ẹ bá fẹ́ títò, ẹ kọ òmíràn, kí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i." Iná ìjọba ńkọ́? Òun náà ti fẹ̀yìn tì.

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, fíríìjì wọn gbóná, fáànù dúró, Adédìran kò sì lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú tì í. Ojú tì í tó bẹ́ẹ̀ tó fi jókòó sí yàrá, tó fa kọ́tìnì. Samson ti kọjá lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Bàbá Ìrètí, ẹ káàárọ̀," bí ẹni pé bó ṣe máa ń pè é nìyẹn láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé.

Ọlábùnmí jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Píìnì kan ò sọnù fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹ ò sọ ìyẹn fún mi rí."

"Kí ló wà nínú píìnì?" ló wí.

"Bàbá arúgbó yẹn sunkún nítorí ẹ̀. Ẹ kò rí i ni?"

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Àlàájà Kúlísúmù ni, ìyẹ́ kéékèèké lẹ̀ mọ́ apá aṣọ rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n fún àìsùn, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Ìrètí, wọ́n ti pa. Ó lé ní ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Àwọn oníbàárà mi ń bọ̀ láti Ọ̀jọ́ àti Badagry, ọgọ́rùn-ún ni mo ń kó sínú páálí kọ̀ọ̀kan, mo sì nílò ẹni tó lè kà á láì ṣì. Mi ò ní iṣẹ́ kankan fún Dáírẹ́kítọ̀ o. Sitọ́kípà ni mo ń wá."

Adédìran wò ó bí ẹni tó ń wá ẹ̀gàn lójú rẹ̀. Kò rí i níbẹ̀. Ó dìde, ó wọ kóòtù dúdú, nítorí a kì í kọ́ àgbà ní ìwà tuntun lọ́jọ́ kan.

Nígbà tó wọ ilé ẹyin, tó rí àwọn òròmọdìẹ tí wọ́n ń ké níbi gbogbo, orí rẹ̀ wú. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wúkọ́ díẹ̀. "Ní òní yìí," ló bẹ̀rẹ̀, "níwájú gbogbo ẹ̀yin tí ẹ péjọ..."

"Bàbá Ìrètí, ẹ pa ilẹ̀kùn dé. Ooru ń jáde."

Ó pa á dé. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Nígbà tó dé ogójì, ó bọ́ kóòtù. Nígbà tí páálí mẹ́rin kún, tí Àlàájà ti ń fi okùn dì wọ́n, ó fojú ka gbogbo wọn, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní ọ̀kan dín nínú páálí kẹta, èyí tí Àlàájà fúnra rẹ̀ kà kó tó dé. Àlàájà ní kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n tú okùn, wọ́n tún un kà lẹ́ẹ̀mejì.

Lóòótọ́ ni, mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ló wà níbẹ̀.